Orí Tí Kò Sí Nínú Bíbélì Bàbá Mi

Òórùn àlìkámà tó ti rin omi ló máa ń jí mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ajégúnlẹ̀ nígbà tí a ṣì ń gba orí pákó kọjá nínú àgbàlá kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ ó mọ òórùn tí mò ń wí. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó dà bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà wá ń fẹ́ iyọ̀ sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màmá mi á ti tẹ́ àlìkámà náà sórí ẹní láàárín àgbàlá, á máa fi ọwọ́ tú u, á máa ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, adìyẹ gbogbo àdúgbò á sì tò yí i ká bí ọmọ iléèwé tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

A kò ra àlìkámà yẹn o. Ilẹ̀ la ti ń gbá a. Àwọn lọ́rì tó ń kó o láti wọ́ọ̀fù Àpápá lọ sí ilé ìlọ̀yẹ̀fun máa ń dà á sílẹ̀ ní gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, kòtò náà sì pọ̀. Màmá mi mọ ìwà kòtò kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin á dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ajọ̀, bí lọ́rì bá ti já sí kòtò báyìí, wọn á ya bo ilẹ̀. Wọn á gbé e lọlé, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a, wọn á tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ. "Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ olówó, Ọlọ́run ló ní ká ṣa á," ni màmá mi máa ń wí.

Ibẹ̀ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí n lò ní iléèwé. Ẹsẹ̀ mi yá. Mo lè gbá abẹ́ lọ́rì kí dírẹ́bà tó yí jíà. Ọjọ́ kan wà tí mo gbá àlìkámà kúrò lára táyà tó ń yí lọ lọ́wọ́. Bí ó bá wù yín, ẹ gbà á gbọ́. Ìwé ni kò wọ̀ mí lórí. Mo dé kíláàsì kẹrin láìmọ ju orúkọ ara mi kọ lọ, mo kàn mọ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ń ké e pọ̀ ni. Tíṣà kò mọ̀. A pọ̀ nínú kíláàsì náà débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé, ìdajì ara wọn wà níléèwé, ìdajì kejì wà ní títì.

Lébìrà ni bàbá mi ní wọ́ọ̀fù. Ará Ìbàràpá ni, Àrẹ̀mú ni wọ́n ń pè é. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi máa ń pa á kó tó kàn wá. Wọ́n ní ó máa ń gbé àpò ìrẹsì méjì lórí, á wá fi eyín gbé ẹ̀kẹta. N kò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi kì í parọ́ jù mí lọ.

Agbára yẹn kọ́ ló fi ń yangàn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà tí ìjọ wa ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Bíbélì èdè Yorùbá sì ni ìwé kan ṣoṣo tó ń kà. Àràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á ka orí kan sókè, ìka rẹ̀ tó le bí èèpo igi á máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í fo ìlà kan. Bí wọ́n ṣe ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ló ṣe ń ka Bíbélì: èyí tó wà lókè ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé, ẹnikẹ́ni kì í sáré lọ fa àpò ìsàlẹ̀ yọ, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù wó pa òun. Oníwàásù lè mú ọ̀rọ̀ láti ibi tó bá wù ú. Bàbá mi á gbọ́, á ṣe àmín, ṣùgbọ́n tó bá délé á ní òun kò tíì débẹ̀. Láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ayé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń to orúkọ èèyàn, tí lágbájá bí tàmẹ̀dò, tí tàmẹ̀dò bí làkáṣègbè. Ibẹ̀ ló wà tí kọ́sítíìkì fi dà sí i lójú.

Àpò kan ló bẹ́ nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, irú kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Wọ́n bu omi sí i lójú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bí inú àgbọn. Dókítà ní kó máa lọ sílé, kó máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti ní kéèyàn máa gbàdúrà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Nínú gáńgì tiwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ lébìrà tó jọ ń já ẹrù, àṣà kan wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèṣe, wọn kì í gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkọ́ irin tó fi ń fa àpò ni wọ́n máa ń fi kọ́ sára òpó níbi tí wọ́n ti ń jẹun, á wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àwọn tó kù á máa fi èjìká tiwọn dí àlàfo rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá kó tó pé oṣù mẹ́ta, á mú ìkọ́ rẹ̀ lára òpó, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò dé, wọn á gbé ìkọ́ lọ fún un nílé. Kò sí ìyàwó lébìrà kan tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìkọ́ wálé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó ti ọsibítù dé, bàbá mi pè mí. "Àjàní, gbé ìwé wá. Ibi tí mo fi owú pupa sí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo gbé ìwé. Mo ṣí i síbi owú pupa. Gbogbo èèrà tó wà lójú ewé náà ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n kà." Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fi ọdún mẹ́rin rò pé iléèwé ni mò ń lọ, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Mo rò pé ìròyìn burúkú kan ti tó fún oṣù kan. Mo la ẹnu, mo ní, "Rísì bí Sàká, Sàká bí Múdà, Múdà sì bí Kóńkò."

"Àmín," ni bàbá mi wí. "Máa lọ."

Báyìí ni mo ṣe di akàwé. Rísì tí mo kọ́kọ́ pè yẹn, ọmọ àgbàlá wa ni. Bàbá rẹ̀, Bàbá Rísì, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Mùsùlùmí ni, dírẹ́bà lọ́rì ni. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á fi pákò sẹ́nu, á sì tẹ́ etí sí Bíbélì wa. Láàárín oṣù méjì, mo ti fi orúkọ gbogbo ará àgbàlá wa sínú ìran àwọn ọba Júdà. Nígbà tí orúkọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ ogun. Nígbà tí ogun tán, mo ní kí wọ́n mọ odi kan, mo fún wọn ní kíréènì méjì, irú èyí tó ń gbé ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Mo tún rí àṣírí kan: bí ẹ bá fi "sì" púpọ̀ sínú ọ̀rọ̀, ó máa ń jọ Bíbélì. Ó sì dìde, ó sì lọ, ó sì jẹun, ó sì sùn. Ìyàwó Bàbá Rísì sọ fún màmá mi pé ọmọ yìí á di bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta ń súnmọ́, bàbá mi ní bí òun ti ń ṣírò rẹ̀, ó yẹ ká ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin olówó tí ohun gbogbo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń jókòó sínú eérú. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn láti kíláàsì àwọn ọmọdé. Ràkúnmí kò yé mi, nítorí náà mo fún ọkùnrin náà ní lọ́rì, lọ́rì méjìlélọ́gbọ̀n tó ń ná Kánò. Mo mú wọn já sí kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa àwọn ọmọ rẹ̀. Mo fọ́ ọ lójú pẹ̀lú. Mo rò pé á jẹ́ ìtùnú fún bàbá mi láti ní ẹlẹgbẹ́.

Bàbá Rísì yọ pákò lẹ́nu. "Bàbá Àjàní, Ànábì Áyúbà kọ́ lẹ ń kà yẹn? Mo mọ̀ ọ́n. Ara ni àrùn bá a, wọn kò sọ ti ojú fún wa ní ilé kéwú."

"Ó wà nínú ìwé, Bàbá Rísì."

"Lọ́rì náà ńkọ́?"

"Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ náà kò ní kà á."

Bàbá Rísì wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó dáa o," ó sì dá pákò padà sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí i, á fi orí dáhùn bí ẹni tó ń bá mi pa àṣírí mọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkọ́ wálé. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e wá, bí ẹni pé ó wúwo. Ọ̀gá gáńgì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ará Ìlàjẹ kan tó máa ń pariwo bí agogo ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Àrẹ̀mú, a kí ọ o. A mú nǹkan rẹ wá." Bàbá mi na ọwọ́, wọ́n fi ìkọ́ lé e lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ pa á láti ìdí dé ẹnu, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí àwọn tó kù." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Màmá mi se ẹja tútù, ó tún un sè, ó tún un gbé kúrò. "Ẹni tó ń mí kò tíì parí iṣẹ́," ló ń wí fún ẹ̀yìn bàbá mi tó dà bí ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá mi pè mí.

"Àjàní, gbé ìwé. Kà á fún mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn parí sí. Lónìí, máa fo."

Ọkùnrin tí kì í fo ìlà kan nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ṣí ìwé, mo mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá sọ báyìí, òun ló máa sọ bóyá á jẹun tàbí kò ní jẹun. Mo ní, "Ó sì ṣe, ní ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin náà sì dìde ní òwúrọ̀, ó sì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó sì ti débẹ̀, ojú rẹ̀ sì là, ó sì rí gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ̀."

Bàbá mi yí kúrò lára ògiri. "Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ọjọ́ kẹjọ?"

"Ọjọ́ kẹjọ, sà."

Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó jẹ ẹ̀bà tó tó orí mi, ó jẹ ẹja pẹ̀lú egungun rẹ̀. Màmá mi ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì bù fún èmi náà. Mo jẹ ẹ́. Kí n má purọ́ nípa èyí, ó dùn.

N kò mọ̀ pé á máa ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ń kà á. Ó ní kí màmá mi fọ káákì iṣẹ́ òun. Ó ní kí wọ́n fi epo pa ìkọ́. Ó pe onígbàjámọ̀ wá gé irun rẹ̀, ó sọ fún un pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ òun á wo irun náà fúnra òun bóyá ó gún. Àràárọ̀ ni mò ń jí pẹ̀lú ìpinnu láti jẹ́wọ́, àràárọ̀ ni mò ń rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé e wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó dìde kí àkùkọ tó kọ. Ó wọ káákì, ó gbé ìkọ́ lé èjìká, ó ní kí n gbé Bíbélì dání kí n sì mú òun lọ sí wọ́ọ̀fù. Màmá mi bá wa dé ẹnu ọ̀nà.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún mi ni pé kí n mú un ṣìnà. Mo mú un gba Olódì, mo mú un padà, mo yí i ká ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé á rẹ̀ ẹ́, á ní ká padà. Ọmọdé kò mọ̀ pé afọ́jú tuntun ń fi gbogbo ara ríran.

"Àjàní, a ti gbọ́ ariwo ọlọ ata yìí rí láàárọ̀ yìí."

"Òmíràn ni, sà."

"Ọlọ ata méjì kì í ní ikọ́ kan náà. Mú mi gba ọ̀nà rélùwéè."

Mo mú un gba ọ̀nà rélùwéè. Lọ́rì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ wọn ń fẹ́ wa sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi, ó fúyẹ́. Ó tilẹ̀ ń fọnu díẹ̀ pé bí òun bá ti ríran, ohun tí òun máa kọ́kọ́ wò ni bí mo ṣe ga sí.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n, kò béèrè nǹkan kan. Gáńgì ti pé, wọ́n ń dúró kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Àrẹ̀mú!" ni ọ̀gá gáńgì wí. "Kí lo wá ṣe?"

"Iṣẹ́ ni mo wá, ọ̀gá."

"Ṣé o ti ń ríran ni?"

"Rárá o. Ó kù díẹ̀."

Ó dúró, ó gbé ojú sókè sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó ń ṣẹ́jú. A dúró. Gbogbo wọn dúró. Ẹnì kan ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ irin, ó gbé ṣíbí dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ojú bàbá mi kò là.

"Bóyá ibí kọ́ ni," ló wí. "Nínú ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nídìí òpó." Ó bá yọ ọwọ́ léjìká mi, ó sì ń lọ.

Ó mọ ọ̀nà náà, ó ti rìn ín fún ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ ọjọ́ náà kò sí níbi tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́. Omi ló wà níbi tó ń fi ẹsẹ̀ lé. Kíréènì ń gbé àpò kọjá lókè, ó ń pariwo, bí ẹnikẹ́ni bá pè é, kò ní gbọ́. Èmi ló sún mọ́ ọn jù. Mo sáré, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ké, "Bàbá! Kò sí níbẹ̀! Kò sí nínú Bíbélì! Èmi ni mo sọ ọ́! N kò mọ ìwé kà!"

Ó dúró. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù kó dé etí omi. Níbòmíràn tí mo bá ti ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń ní ẹsẹ̀ kan ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni.

"Èwo ni kò sí níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹjọ, sà."

"Ojú tó là?"

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"Lọ́rì ńkọ́?"

"Kò sí, sà."

"Gbogbo ẹ̀? Títí kan àwọn orúkọ yẹn?"

"Títí kan àwọn orúkọ, sà."

"Dis pikin na wa o," ni ará Wàrí kan nínú gáńgì wí lẹ́yìn wa. Ọ̀gá gáńgì ní kó pa ẹnu dé.

Bàbá mi ní, "Mo ti ń rò ó. Mo ti ń rò ó bí Rísì ṣe dé inú ìran Dáfídì." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ ń mì. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yẹn kò tíì dẹ́kun omi dídà látọjọ́ kọ́sítíìkì, nítorí náà n kò lè búra irú omi tó jẹ́.

Wọ́n fà wá kúrò létí omi. Fèrè fọn, gáńgì lọ síbi iṣẹ́, àwa méjì jókòó sórí pákó kan lábẹ́ ìbòòji. Ọ̀gá gáńgì bi í bóyá kó gba ìkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Mo ń retí kó lù mí. Ó ní, "Ìwé dà?"

Mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá owú pupa, ó ṣí i síbẹ̀, ó dá a padà fún mi. "Lẹ́tà tó ṣáájú lápá òsì, báwo ló ṣe rí?"

"Ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, sà. Àmì kan wà lábẹ́ rẹ̀."

"Pè é ní ṣí. Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́?"

"Ó dà bí kọ́ọ̀bù tí wọn kò dé lórí."

Bí afọ́jú ṣe kọ́ púrúǹtù níwèé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la rí kà kí oòrùn tó kàn wá lórí. "Ṣùgbọ́n" ni ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mi ní ó tó fún ọjọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a lọ sílé. Nígbà tí màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò nà mí. Ó kàn gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi ni, ó gbé e sókè àjà, ó ní àlìkámà kò ní tán kí n tó parí iléèwé. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

A tún àwọn orúkọ yẹn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojúlówó wọn burú ju tèmi lọ. Ó lé ní ọdún méjì kí á tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin inú eérú, nígbà yẹn mo ti ń kà láìpe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi náà ti rí iṣẹ́: àpò tó ya ló ń rán fún àwọn oníṣòwò, abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a ríran. Mo ń bẹ̀rù orí tó kẹ́yìn. Mo rò pé bí mo bá kà á pé ohun gbogbo padà fún ọkùnrin yẹn, bàbá mi á tún kọjú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n kó tó dé orí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ kà á mọ̀, ó pẹ́. Òwúrọ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀, ọkùnrin náà wà nínú eérú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rojọ́ mọ́ ọn, òun náà ń fèsì. Abẹ́rẹ́ bàbá mi ń wọlé, ó ń jáde. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ó pẹ́ níbẹ̀ o."

"Ó pẹ́ níbẹ̀, sà."

"Ìwọ kò jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú.

Nígbà tí a dé ibi tí Ọlọ́run ti dá ọkùnrin náà lóhùn, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Dúró. Ṣé wọ́n ti dá nǹkan kan padà fún un?"

Mo wo ojú ewé. "Rárá o, sà. Kò tíì gba nǹkan kan."

"Inú eérú ló ṣì wà?"

"Inú eérú ni, sà."

"Ọlọ́run sì wá bá a níbẹ̀." Ó na ọwọ́, ó gba owú pupa lọ́wọ́ mi, ó wá ojú ewé náà fúnra rẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tí mo ka orí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, tí màlúù àti ọmọ àti ọrọ̀ padà, ó ní, "Ó dáa fún un," ó sì ń rán àpò rẹ̀ lọ. Ibi tó fi owú sí ló ń ní kí n kà fún òun títí ó fi kú, ogún ọdún ó lé. Kò ríran mọ́ láé. N kò rí i kó kọjú sí ògiri mọ́ pẹ̀lú.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Olódì ni mò ń gbé, ìyàwó mi ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa, egungun ìbàdí mi ti jẹrà, àtorí bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé ni ìrìn àjò mi. N kò ka ìwé púpọ̀, ìwé ìròyìn ṣì ń jẹ mí níyà, èmi àti Bíbélì nìkan la mọwọ́ ara wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ ọ̀dọ́ tó wà ní ìjọ wa wá kí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, kí oṣù yìí tó parí, ẹ ó sáré!"

Mo ní, "Sáré lọ síbo, Pásítọ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà. Kò lè bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì kó sì fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, ẹ jókòó. Ẹ má sọ nǹkan kan." Ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ̀ nínú tèmi, a sì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà wọ́ọ̀fù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò lè gbà kí ọkùnrin kan sùn nínú eérú mọ́jú. Ọkàn rere ló ní, n kò bá a jà. Kò kàn mọ̀ pé Ọlọ́run ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń parọ́, ẹ̀yin náà ti rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ni mò ń pa á fún. Bí ẹni tó ń jẹ̀rora bá wá sọ́dọ̀ mi, màá ní kó jókòó, màá jókòó tì í, n kì í sì í ti orí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀.